Lámèyítọ́ Náà Wà Nínú Ilé Pẹ̀lú Wọn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, lámèyítọ́ kan tó ń kọ̀wé fún New York Times sọ èrò rẹ̀ lórí fíìmù tuntun kan tó ń jẹ́ Bodies Bodies Bodies. Fíìmù náà kò wù ú. Ní ṣókí, ohun tó wí ni pé ìpolówó àyà obìnrin ni wọ́n fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 ṣe. Amandla Stenberg, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ipa ńlá níbẹ̀, rí ọ̀rọ̀ yìí kà. Kò kọ lẹ́tà sí olóòtú, kò sì rán agbẹnusọ kankan. Orí Instagram ló gbà lọ, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé náà ní kọ̀rọ̀ pé ká ní ó gbójú kúrò láyà òun ni, bóyá ì bá rí fíìmù náà wò.

Lámèyítọ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tutù. Ó ya àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ó gbé e sójú táyé, ó ní ìwọ̀sí ni. Òṣèré náà gbé fídíò tirẹ̀ jáde, ó ní ẹ̀fẹ̀ lòun ń ṣe, ó ní ó sì ti sú òun bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi àyà òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ó wá ku àwọn èrò ìwòran. Ojú kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi pín sí méjì, tí wọ́n ń bú ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì fojú kan fíìmù náà rárá.

Ẹni tó bá ti wò ó yóò kàn rẹ́rìn-ín ni. Ohun tó wà nínú fíìmù náà gan-an nìyẹn: àwọn ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá láàárín wọn, tí oníkálukú ń wá ẹni tí yóò dẹ́bi fún, tí iṣẹ́ orí fóònù sì ń ṣe ohun tí ọ̀bẹ kò lè ṣe.

Irú fíìmù tí wọ́n ń pè ní slasher kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti yá kásẹ́ẹ̀tì wò ní àwọn ọdún 1990. Apààyàn kan á wà, á de ìbòjú, á mú ọ̀bẹ dání. Àwọn ọ̀dọ́ á wà nínú ilé tó jìnnà sí ìlú. Wọ́n á máa kú níkọ̀ọ̀kan títí á fi ku ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Halloween ṣe é ní 1978, Friday the 13th ṣe é ní 1980, Scream sì fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ní 1996. Fóònù alágbèéká ló fẹ́ ba òwò náà jẹ́. Bí apààyàn bá ń lé ọ, tí fóònù sì wà lápò rẹ, o ò ṣe pe ọlọ́pàá? Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ń yọ ara wọn ni kí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí tàbí pé bátìrì ti kú. Nígbà tó yá ni àwọn tó gbọ́n nínú wọn rí i pé inú fóònù yẹn gan-an ni ẹ̀rù ń gbé. Àtìgbà náà ni ẹnu àwọn lámèyítọ́ kò ti kò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ láti ìgbà náà wá. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé lámèyítọ́ kì í dá fíìmù nìkan lẹ́jọ́ bó bá ti di ti fóònù. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe jìnnà sí fóònù tó, tàbí bó ṣe sún mọ́ ọn tó, ló máa ń darí gègé rẹ̀. Nítorí náà ni ìdájọ́ wọn kì í fi í dúró lójú kan.

Ẹ jẹ́ ká mú Scream 4. Wes Craven ló darí rẹ̀, Kevin Williamson ló kọ ọ́, ó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni Instagram dáyé, ìyẹn ni pé nǹkan náà kò tíì pé ọmọ oṣù méje. Nínú fíìmù yìí, ọmọkùnrin kan so kámẹ́rà mọ́ orí, gbogbo ibi tó bá sì lọ nílé ẹ̀kọ́ ló ń fi han àwọn èrò orí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìbòjú sì bọ́ lójú apààyàn, Jill ni, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ tí a rò pé òun gan-an ni wọ́n ń lé kiri. Kì í ṣe ìkórìíra ìdílé ló ń dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀, òkìkí ló ń wá. Ó fẹ́ kí gbogbo èrò kú kí òun nìkan yè, kí tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì máa ké òun. Ó ní òun kò nílò ọ̀rẹ́, àwọn tí yóò máa wárí fún òun lòun ń wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara rẹ̀ léṣe: ó fa irun orí ara rẹ̀ tu, ó ya ojú ara rẹ̀, ó sì ju ara rẹ̀ lé tábìlì onígíláàsì, kí àwọn ọlọ́pàá lè bá a nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa.

Nígbà tó jáde, nǹkan bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá lámèyítọ́ ló ní kò burú. Àwọn tó kù ní ó ti rẹ ìtàn náà, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe nípa ara rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń tìtorí òkìkí pa ìbátan ara rẹ̀ ti kọjá àsọdùn. Ká gbà fún wọn, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ fà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Scream tó tẹ̀ lé e fi máa jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló ti padà sídìí Scream 4, tí wọ́n ń pè é ní fíìmù tó rí ọ̀la. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fíìmù náà látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó ń wò ó ni ayé ti yí padà mọ́ lọ́wọ́. Craven kò gbọ́ ìyìn yìí. Oṣù kẹjọ ọdún 2015 ló kú, Scream 4 sì ni fíìmù tó darí kẹ́yìn.

Ọdún tó kú náà ni Unfriended jáde. Levan Gabriadze, ọmọ ilẹ̀ Jọ́jíà, ló darí rẹ̀, Nelson Greaves ló kọ ọ́, Timur Bekmambetov sì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní àjọ̀dún Fantasia ní ìlú Montreal ní oṣù keje ọdún 2014, Cybernatural lorúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Universal rà á, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Mílíọ̀nù kan dọ́là péré ni wọ́n ná lé e lórí. Ohun tó pa wọlé káàkiri ayé ju mílíọ̀nù 60 lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú láptọ́ọ̀pù ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Blaire nìkan là ń wò. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Skype lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ náà pé ọdún kan gééré tí Laura, ọmọ iléèwé wọn, pa ara rẹ̀ nítorí fídíò ìtìjú rẹ̀ kan tí wọ́n gbé síta. Ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ wà nínú ìpè náà, kò ní àwòrán, kò sọ̀rọ̀, wọn kò sì lè lé e jáde. Láìpẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orí àkáǹtì Facebook ti Laura fúnra rẹ̀.

Kò sí ohun tó yẹ kó ṣòro fún Yorùbá láti lóye níbẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, bí wọ́n bá pa ènìyàn ní ìpakúpa tí a kò sì mọ ẹni tó pa á, àwọn àgbà a máa fi ìgbálẹ̀ tàbí ọ̀bẹ sọ́wọ́ òkú kí wọ́n tó sin ín, kó lè lọ jà fún ara rẹ̀. Ti Laura, àkáǹtì Facebook ni wọ́n gbàgbé sọ́wọ́ rẹ̀. Òkú tó ń jà ni, ó sì mọ ẹni tó ń wá.

Àríyànjiyàn àwọn lámèyítọ́ lórí fíìmù yìí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn kan ní kí ni ìgbádùn inú kéèyàn jókòó sí sinimá kó máa wo ẹlòmíràn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà? Wọ́n ní ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí lásán ni, pé ariwo àwọn ọmọ náà pọ̀ ju ẹ̀rù lọ. Àwọn mìíràn fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé láptọ́ọ̀pù ló yẹ kéèyàn ti wò ó nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Àwọn tó gbóríyìn fún un kò pọ̀ jù wọ́n lọ púpọ̀. Ohun tí àwọn wọ̀nyí rí ni ohun tí èmi náà rí: ibi tí Blaire ti fẹ́ fèsì sí Mitch, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀. Ó tẹ òótọ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó dúró. Ìlà kékeré tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹ́jú. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó tẹ òmíràn tó rọ̀ díẹ̀, ó pa ìdajì rẹ́, ó fi èyí tó kù ránṣẹ́. A kò rí ojú rẹ̀ dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé irọ́ ló pa, a sì mọ irú irọ́ tí ó jẹ́. Mi ò mọ fíìmù kan ṣáájú rẹ̀ tó fi ìkólòlò ọwọ́ hàn báyìí. Nínú fíìmù àtijọ́, ojú òṣèré la fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbí, bọ́tìnnì ìparẹ́ ló ń ṣeré.

Ẹ̀sùn kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn lámèyítọ́ kan ní ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin tó pa ara rẹ̀ nítorí ìfìyàjẹni orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí a ń fi dẹ́rù bani kí a lè ta gúgúrú. Àwọn mìíràn ní rárá, ẹ̀kọ́ gan-an ló wà níbẹ̀, pé kò sí ohun tó ń parẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí èmi rò ni pé fíìmù náà fẹ́ jẹ ẹran lápá méjì: ó ń bá àwọn ọmọ náà wí, ó sì ń gbádùn ikú wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èso pa ọmọkùnrin kan, kò sẹ́ni tó ń rántí Laura mọ́.

Lẹ́yìn àṣeyọrí owó rẹ̀ ni àwọn fíìmù mìíràn tó jọ ọ́ tú jáde. Àwọn ará Jámánì ṣe Friend Request, Simon Verhoeven ló darí rẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú àwọn lámèyítọ́ ló sì já a kulẹ̀. (Ẹ gbọ́ èyí ná: ní Jámánì, Unfriend lorúkọ tí wọ́n fi ta Friend Request, Unfriended gidi sì di Unknown User. Mo káàánú ẹni tó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà.) Tragedy Girls ti 2017, níbi tí àwọn ọmọbìnrin méjì ti ń pààyàn kí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn lè pọ̀ sí i, rí ìyìn gbà nítorí pé ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Spree ti 2020, awakọ̀ tó ń pa èrò ọkọ̀ rẹ̀ lójú kámẹ́rà kí wọ́n lè máa wò ó, pín wọn níyà. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ló ń pariwo rẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dé. Ní oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí ìséde ṣì wà lára àwọn ènìyàn, Rob Savage gbé Host jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò tó wákàtí kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan péjọ lórí Zoom, wọ́n ń pe ẹ̀mí òkú, ẹ̀mí náà sì jẹ́ wọn. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan là ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi ti Unfriended gẹ́lẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lámèyítọ́ tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Fíìmù tó dára ni lóòótọ́, ó sì ṣọ́ra kó má gùn jù. Síbẹ̀, níbo ni àwọn tó ní kò sí ìgbádùn nínú wíwo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn wà lọ́dún náà? Orí Zoom ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọjọ́ ìbí, ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti wo bí wọ́n ṣe ń sin òkú wọn. Ohun tí wọ́n pè ní àlùmọ̀kọ́rọ́yí lọ́dún 2015 ti di ilé wọn.

Ó tó kí n padà sórí Bodies Bodies Bodies. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bó ṣe parí kó fo ìpínrọ̀ márùn-ún, nítorí mi ò lè sọ ohun tí mo ní í sọ láìtú àṣírí rẹ̀.

Halina Reijn ló darí rẹ̀, òṣèré ilẹ̀ Netherlands tó di olùdarí. Sarah DeLappe ló kọ eré náà láti inú ìtàn Kristen Roupenian, ẹni kan náà tí ìtàn kúkúrú rẹ̀, Cat Person, jáde nínú New Yorker ní oṣù kejìlá ọdún 2017 tó sì ràn ká íntánẹ́ẹ̀tì bí iná ọyẹ́. Ìtàn yẹn náà, ọmọbìnrin kan ni, àti ọkùnrin kan tó mọ̀ lórí fóònù ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lójúkojú lọ. Iléeṣẹ́ A24 ló gbé fíìmù náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní àjọ̀dún South by Southwest ní Texas ní oṣù kẹta.

Àwọn ọmọ olówó mélòó kan péjọ sí ilé ńlá àwọn òbí David nígbà tí ìjì líle ń bọ̀. Sophie mú Bee, olólùfẹ́ rẹ̀ tuntun, wá. Bee kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, ìlà oòrùn Yúróòpù ló ti wá, kò sì lówó. Búrẹ́dì zucchini tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan ló mú wá bí ẹ̀bùn, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé pé a kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Kò sẹ́ni tó ka búrẹ́dì náà sí. Wọ́n ń ṣe eré kan nínú òkùnkùn, eré tí ẹnìkan ti ń ṣe bí apààyàn tí àwọn yòókù sì ń wá a. Ìjì dé, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. (Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn yóò bi wọ́n pé ṣé iná tó lọ yìí náà lẹ fẹ́ torí rẹ̀ kú.) Fóònù tí wọ́n ti ń wò láti àárọ̀ kò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́ ju àtùpà lọ. Òun ni wọ́n ń nà síwájú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kìkì ojú ẹni tí wọ́n ń fura sí ló sì ń tànmọ́lẹ̀ sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lámèyítọ́ tí kò yin ọgbọ́n yìí.

Wọ́n rí David, ọrùn rẹ̀ ti ya. Láti ìgbà náà, oníkálukú di afurasí. Greg ni wọ́n kọ́kọ́ dìde sí, nítorí pé ó dàgbà jù wọ́n lọ, àti pé kò tíì pẹ́ tí Alice, ọ̀kan nínú wọn, mọ̀ ọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bee la irin ìdárayá mọ́ ọn lórí, ó kú. Wọ́n tún bá òkú Emma, òmíràn nínú wọn, nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Àwọn tó kù jókòó, ìbọn kan wà láàárín wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí ara wọn. Ta ló pa David ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ta ló ń ṣe bí òtòṣì nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ rí jájẹ, àti ta ló ń gbọ́ pódíkáàsì Alice láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbọn dún, Alice kú. Jordan, tí òun náà wà lára wọn, já bọ́ láti òkè. Bó ti ń kú lọ, kò pe orúkọ ìyá rẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀. Ohun tó sọ fún Bee ni pé kó lọ wo àwọn iṣẹ́ tó wà lórí fóònù Sophie. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó fi sílẹ̀ láyé nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bee àti Sophie rí fóònù David. Fídíò tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ fi hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti fi idà já ìdérí ìgò ọtí níwájú kámẹ́rà fún TikTok, bí ó ṣe rí Greg tó ṣe é. Idà yọ̀, ó bá ọrùn rẹ̀. Apààyàn kankan kò fìgbà kan wọ ilé náà. Lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé.

Ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá lámèyítọ́ ló fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń dárúkọ Rachel Sennott tó ṣe Alice, wọn kò sì jayò pa. Àwọn tí kò fọwọ́ sí i pín sí oríṣi mẹ́ta. Àwọn kan ní kò sí ọmọlúàbí kan nínú àwọn ọmọ náà tí èèyàn lè bá káàánú. Mi ò ka èyí sí ẹ̀sùn. Ìjàpá kì í ṣe ọmọlúàbí, a sì ń jókòó gbọ́ àlọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn kejì ní òpin rẹ̀ já wọn kulẹ̀, pé báwo ni a ó ṣe máa wá apààyàn fún wákàtí kan àbọ̀ kí wọ́n tó sọ fún wa pé kò sí. Àwọn wọ̀nyí ló yà mí lẹ́nu jù, torí pé níbi òpin yẹn gan-an ni fíìmù náà ti san gbèsè rẹ̀. A ti mọ́ ọn lára pé òkú gbọ́dọ̀ ní ẹni tó pa á. Nínú fíìmù ilẹ̀ wa, bí kì í bá ṣe ìyàwó kékeré, á jẹ́ àbúrò bàbá. Níbí, ẹni tó kú ló pa ara rẹ̀ nídìí àṣehàn, ìfura ló sì pa àwọn tó kù.

Oríṣi kẹta ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ náà fi ń bá ara wọn jà, gbogbo èdè tuntun orí Twitter nípa ọgbẹ́ ọkàn àti ìfìyàjẹni, ló dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé kàn ṣà wọ́n jọ kí àwọn àgbà lè rí nǹkan fi ṣe ọ̀dọ́ yẹ̀yẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé ìpolówó A24 pàápàá ta fíìmù náà bí ẹni pé yẹ̀yẹ́ yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀, àwọn lámèyítọ́ tó yìn ín sì gba ìpolówó náà gbọ́, wọ́n ní ó fi àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí wọ́lẹ̀ dáadáa. Mo rò pé àwọn olùyìn yìí ṣìnà ju àwọn tó bú u lọ. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Owó wà níbẹ̀, òwú jíjẹ wà níbẹ̀, Bee tí búrẹ́dì rẹ̀ kò jọ wọ́n lójú ló sì kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààyàn nínú ilé náà. Reijn ti lé ní 45 nígbà tó ṣe fíìmù yìí. Kò jọ ẹni tó ń fi ọ̀dọ́ ṣẹ̀sín lójú mi, ó jọ ẹni tó ti rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbà.

Ìpín yẹn nínú mẹ́wàá tí mo dárúkọ náà tún fẹ́ àlàyé, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì Rotten Tomatoes ló ń kà á. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú àpilẹ̀kọ lámèyítọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní ó fọwọ́ sí fíìmù tàbí kò fọwọ́ sí i, kò sí àárín. Ẹni tó ní fíìmù ṣeé wò díẹ̀díẹ̀ àti ẹni tó ní irú rẹ̀ kò sí láyé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nítorí náà, 86 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe máàkì tí fíìmù gbà bíi ti ìdánwò iléèwé. Iye àwọn tí kò bínú ni. Ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ ti di èso tòmátì kan, pupa tàbí aláwọ̀ ewé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé New York Times nìyẹn. Ó kọ odindi àpilẹ̀kọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ayé gbé. Gbólóhùn náà kò dára lójú mi, mo gbà pé ó fojú kéré iṣẹ́ àwọn obìnrin tó wà nínú fíìmù ọ̀hún, ó sì fò dá ohun tí aṣọ wọn ń sọ nípa wọn. Ṣùgbọ́n òun náà mọ bí gbólóhùn ṣe ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń kọ̀wé láyé ìsinsìnyí mọ ìlà tí wọn yóò gé, ó sì ń dán an. Òṣèré náà mọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀rọ̀ lè dà. Àwọn méjèèjì mọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá bi mí pé èwo ni kí ẹ wò, Unfriended ni mo fi lé iwájú. Ọdún ti gorí ọdún, Skype tí wọ́n lò níbẹ̀ ti kógbá sílé ní 2025, síbẹ̀ ìlà tó ń ṣẹ́jú yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bodies Bodies Bodies ló tẹ̀ lé e, fún òpin rẹ̀ àti fún Sennott. Host wà fún ẹni tí kò láàyè púpọ̀. Ẹ fi Friend Request sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Nítorí pé fóònù àti iléèwé ló wà nínú àwọn fíìmù yìí, ó rọrùn láti rò pé ti ọmọdé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Unfriended àti Bodies Bodies Bodies gba àmì R, ìyẹn ni pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ wọlé wò ó láìjẹ́ pé òbí tàbí alágbàtọ́ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, oògùn olóró wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni sì ni ìpìlẹ̀ Unfriended. Bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ wò ó, ẹ jókòó tì í.